Omi Tó Kán Láti Orí Bashiru

Ìgò náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dé, kí ẹjọ́ fúnra rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Dókítà Ọláyínká gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí tábìlì Sájẹ́ǹtì Dáfídì Fáníyì bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun kalẹ̀. Ìgò ilé ìwòsàn lásán ni, rọ́bà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ká mọ́ ọn lọ́rùn. Omi inú rẹ̀ ò ju ìlàjì lọ. Ó dàrú bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú kan tó kúnná bí ẹ̀bu èédú sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Kí lèyí, Dókítà?"

"Omi inú orí Bashiru ni."

Kọ́ńsítébù tó jókòó nítòsí tábìlì sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, kò sí ọlọ́pàá kan nínú yàrá yẹn tó tún gbà láti kọ ẹ̀yìn sí ìgò ọ̀hún. Àwọn tí kì í sá fún olè tó mú àdá lọ́wọ́ ń sá fún omi. Fáníyì nìkan ni kò sún. Ọmọ Iléṣà ni, ó ti pẹ́ l'Ékòó, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Òṣómàáló ni lóòótọ́: bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ àwìn, bẹ́ẹ̀ lòun ń lóṣòó ti òtítọ́. Ṣùgbọ́n àyà tirẹ̀ náà já. Ó kàn mọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ra ni.

Kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ọ̀ràn Bashiru ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Aránṣọ ni ní Ìdúmàgbò, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò tíì gbéyàwó. Ọdún yẹn ni ìjọba ń wó àwọn ilé àtijọ́, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Bashiru fẹ́ lọ. Jimoh, àbúrò rẹ̀, ọmọ baba rẹ̀, búra pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ilé tí wọ́n sin baba àwọn sí. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìjà, Jimoh sì ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, orí Bashiru wá gbá òkúta ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ń mí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ìpè.

"Bí orí bá fọ́ báyẹn," Dókítà sọ, "omi a máa há mọ́ inú agbárí, a máa fún ọpọlọ pọ̀. Mo lu ihò kékeré sí agbárí rẹ̀, mo ti rọ́bà dé ibi tí omi wà, mo sì gbé ìgò kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí omi náà lè máa kán sínú rẹ̀. Ó sì jí. Sájẹ́ǹtì, ó jí! Ó pe ìyá rẹ̀. Ó bèèrè ẹ̀kọ mímu."

"Kí ló wá pa á?"

"Ibà. Ọrùn rẹ̀ gan, gìrì mú un, omi tó ń mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ sì dàrú. Kòkòrò àìsàn ló gba inú rọ́bà wọlé." Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú. "Ọ̀nà tí mo là fún omi láti jáde, ọ̀nà ni, kò nílẹ̀kùn. Bó bá ṣe ń pẹ́ lórí aláìsàn, tí ọwọ́ sì ń kàn án, bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú u, àfi èmi."

"Nǹkan dúdú yìí ńkọ́? Ṣé kòkòrò náà nìyẹn?"

"Rárá o. Ojú lásán ò lè rí kòkòrò. Mi ò mọ nǹkan tó jẹ́, ìdí tí mo fi gbé e wá nìyẹn."

Wọ́n ti sin Bashiru lọ́jọ́ tó kú gan-an, kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí. Ìyá rẹ̀, Àlímọ̀t, sì ti búra pé ẹni tó bá fi ọ̀bẹ kan ọmọ òun nínú ilẹ̀, òun àti onítọ̀hún á jọ lọ sọ́run. Nítorí náà, ìgò yìí ni òkú tó kù fún Fáníyì láti yẹ̀ wò. Àlímọ̀t kan náà ti wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ká ọwọ́ lérí, ó ní orogún òun, Àsíátù ìyá Jimoh, ló fi májèlé parí iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n ti fẹ̀sùn ìpànìyàn kan Jimoh, ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa gbé e dé kóòtù n'Igbosere, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ọ̀ràn náà tún ta gbòǹgbò.

"Òṣómàáló," ọ̀gá náà sọ fún Fáníyì, "o ní títí di Mọ́ńdè láti lóṣòó."

*

Jimoh jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, ó fẹ̀yìn jìnnà sí ògiri bí ẹni pé ògiri náà gbóná.

"Ṣé o lù ú?"

"Mo tì í, sà. Mi ò lù ú. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní ọ̀sà." Ó gbójú sókè. "Wọ́n ní ó jí. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ṣé ó dárúkọ mi?"

Fáníyì ò mọ̀, kò sì fẹ́ purọ́. Jimoh mi orí, ó fi ìka kan ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

"Àwọn tó lọ wò ó ló sọ fún mi pé orí rẹ̀ ń kán, tó, tó, tó, sínú ìgò. Mi ò fojú rí i rí. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ọ, sà. Nínú ibí yìí. Ẹ fetí sí i."

Fáníyì fetí mọ́ ògiri. Kò gbọ́ nǹkan kan ju ariwo ọkọ̀ ìta lọ. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọkùnrin náà, Jimoh sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan tí kò wúlò. Ẹ̀rù ọmọkùnrin náà ò ba Fáníyì tó bí àánú rẹ̀ ṣe ṣe é. Ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n dáadáa, okùn ló ń dúró dè é.

*

Ní wọ́ọ̀dù, wọn ò tíì rí aláìsàn tó máa gba bẹ́ẹ̀dì Bashiru. Àwọn méjì tí wọ́n gbé síbẹ̀ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn nílẹ̀. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì rẹ̀ ni Tìjání, atukọ̀ àtijọ́ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí kò sì lè sá lọ síbì kankan.

"Ọ̀gá, I see am with my two eyes," ó ní. "Obìnrin kan, funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti lé àwọn tó wá kí aláìsàn jáde tán, tí wọ́n bá ń pe ìrun Màgírípì, ló máa ń yọ. Á dúró níbi orí rẹ̀. Kì í jókòó. Ẹnu rẹ̀ á sì máa jẹ wúyẹ́wúyẹ́."

"Ṣé èèyàn ni àbí òkú?"

"Èmi kọ́ lẹ máa bi léèrè. Mo ti bo orí mi."

Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ le gbagidi, sọ pé òun ò rí obìnrin funfun kankan. Ó yára sọ ọ́.  Fáníyì dúró ti bẹ́ẹ̀dì òfìfo náà, ó ń wo ìkọ́ tí wọ́n gbé ìgò kọ́ tẹ́lẹ̀. 

"Nọ́ọ̀sì, Dókítà gbé ìgò wá fún mi, ó gbé rọ́bà wá. Ṣùgbọ́n rọ́bà náà kúrú. Wọ́n ti gé e."

Omi bọ́ lójú Fọlákẹ́ kó tó lanu. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìdì òwú funfun kékeré kan jáde, ó tú u. Ọ̀pá gíláàsì kékeré oníhò kan ló wà nínú rẹ̀, ègé rọ́bà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

"Ibi tí rọ́bà orí ti pàdé rọ́bà ìgò nìyí, sà. Èmi ni mo so ó, òwú funfun ni mo sì fi so ó. Bándéèjì ló bò ó. Ọjọ́ tó kú, nígbà tí mò ń tú u, òwú dúdú ni mo bá níbẹ̀."

Òwú dúdú náà ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó wé e kò wé e kánjúkánjú. Ó yí i ká rọ́bà láìjẹ́ kí àlàfo kankan wà láàrin ìyípo kan àti èkejì, ó gún régé, ó ń dán. Fáníyì wá ibi tí wọ́n ti ta kókó, kò rí i.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ gé e pa mọ́?"

"Wọ́n á ní èmi ni mo tú u. Wọ́n á lé mi níṣẹ́. Àsìkò tí wọ́n ń wá kí aláìsàn, wọ́ọ̀dù máa ń kún bí ọjà Balógun. Mo máa ń lọ gba oúnjẹ aláìsàn ní kíṣìnì, mi ò sì lè sọ ẹni tó fọwọ́ kàn án." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Sà, mo ṣì ń gbọ́ ìró omi yẹn. Mo máa ń jí lọ wo bóyá ẹ̀rọ omi wa ló ń jò."

Fáníyì gba ọ̀pá gíláàsì náà. Kò bá a wí. Bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn, ó ṣàkíyèsí pé òun náà ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé ìró kan tí kò sí níbẹ̀.

*

Ìdajì àdúgbò Bashiru ni wọ́n ti wó. Àwọn ògiri tó kù dúró láìní òrùlé, ìkọ́ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ṣì wà lára wọn, àti ojú iná tí èéfín ti kun dúdú. Inú ibẹ̀ ni ilé baba Bashiru dá dúró sí bí eyín kan ṣoṣo lẹ́nu àgbàlagbà. Ní ẹ̀yìnkùlé, lọ́wọ́ ọ̀tún, aṣọ funfun kan ń gbẹ lórí okùn pẹ̀lú ìborùn funfun.

"Ta ló ni wọ́n?"

"Èmi ni," Àsíátù dáhùn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ ti wú. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ máa ń lọ dúró níbi orí Bashiru ní Màgírípì."

"Mi ò lọ ibì kankan."

"Atukọ̀ kan rí yín."

"Ìyálé mi ní bí òun bá rí mi nítòsí ọmọ òun, òun á ya mí láṣọ." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà kíṣìnì ni mo máa ń gbà wọlé. Mo máa ń dúró níbi orí rẹ̀, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má kú. Nǹkan tí mò ń ṣe nìyẹn. Mò ń bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ẹ fún un ní nǹkan jẹ? Ṣé ẹ fọwọ́ kan rọ́bà náà?"

"Rọ́bà yẹn!" Ó dìde. "Ẹ̀yin náà ti gbà á gbọ́! Ìdùnnú wo ló wà fún mi nínú ikú rẹ̀?"

Fáníyì ní kó jókòó, ó sì fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀. Ó ti rò ó wò lọ́nà tó ń bọ̀. Bí Bashiru bá yè, Jimoh á ṣẹ̀wọ̀n díẹ̀, á padà wálé, wọ́n á pe àwọn àgbà, wọ́n á parí ìjà. Bí Bashiru bá kú, okùn ni. Ẹ̀mí Bashiru ni ẹ̀mí Jimoh so mọ́. Kò sí ìyá tó máa gbé oró fún ọmọ orogún nígbà tó mọ̀ pé ọmọ tòun náà ló máa gbé e mì. Lára gbogbo èèyàn Èkó, Àsíátù lẹni tó ń wá ìyè Bashiru jù lẹ́yìn ìyá tó bí i.

"Mo gbà yín gbọ́," ó ní. "Ṣé ó bá yín sọ̀rọ̀?"

Obìnrin náà bú sẹ́kún. "Ó ní, 'Ìyá Jimoh, ẹ lọ sùn. Ẹ sọ fún un pé mi ò bínú.' Mo lọ lọ́jọ́ kejì láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń jó bí iná. Kò mọ̀ mí mọ́. Mo wo rọ́bà náà, mo rò pé ẹ̀mí rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ lọ. Àní mi ò lè wò ó tán."

Báyìí ni obìnrin funfun inú wọ́ọ̀dù ṣe di ìyá kan tó ń sunkún, Fáníyì ò sì ní ẹlòmíràn tó lè fura sí. Inú rẹ̀ dùn fún Àsíátù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò balẹ̀. Nígbà tí iwin bá di èèyàn tán, àwọn èèyàn tó kù ló yẹ ká bẹ̀rù.

*

Ibi tó ti ń jáde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ya fún ìyàwó aládùúgbò kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbé garawa omi. Wọ́n kó irun rẹ̀ ní òwú, òwú dúdú, ó nà rorooro sókè. Fáníyì dúró. Ó wo irun náà débi tí obìnrin náà fi gbé garawa kalẹ̀.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, kí lẹ rí lórí mi?"

"Ẹ máà bínú. Ta ló kó o fún yín?"

"Ìyá Bashiru ni. Kó tó di pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Gbogbo àdúgbò yìí, òun ló ń ṣe orí wa."

"Ìyá Jimoh kì í ṣe é?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá Jimoh ò mọ̀ ọ́n ṣe, àwa la máa ń bá a ṣe tirẹ̀."

Fáníyì yọ ọ̀pá gíláàsì inú àpò rẹ̀, kò sọ ibi tó ti rí i. "Ẹ bá mi wo èyí. Níbo ni wọ́n ti ta kókó sí òwú yìí?"

Obìnrin náà yí i lọ yí i bọ̀. "Kò sí kókó níbẹ̀. Ìyá Bashiru kì í ta kókó. Gbogbo onídìrí yòókù ló ń ta kókó nípàrí, tó bá di alẹ́, á máa gún èèyàn lórí. Òun á ti ẹnu òwú bọ abẹ́ òwú, ẹ ò ní rí ìparí rẹ̀. Ẹ wo tèmi." Ó tẹ orí ba. "Ta ló fi ọwọ́ Ìyá Bashiru wé rọ́bà?"

Fáníyì dúpẹ́, ó jáde. Ó rìn kọjá àwọn ilé wíwó láìmọ ibi tó ń lọ. Ọwọ́ tó tú rọ́bà náà, ọwọ́ ìyá ni. Ṣùgbọ́n kí ni ìyá ń wá nínú rọ́bà? Ó ti gbọ́ igbe obìnrin yìí ní àgọ́, kò sì sí èké nínú igbe náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi kì í farabalẹ̀ wé òwú lẹ́yìn rẹ̀ kó lẹ́wà báyẹn. Ẹni tó fẹ́ràn ẹni tó ń ṣe fún ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Ohùn àwọn ọmọ kéú ló dá a dúró. Wọ́n jókòó sábẹ́ ibòji ilé kan tó kù ní eteetí àdúgbò, wọ́n ń ké ẹsẹ Kùránì pọ̀, àlùfáà wọn, Jíbrílù, sì bẹ̀rẹ̀ sídìí àwo. Ó mú wàláà, pákó ìkọ̀wé kéú, kan tí wọ́n kọ nǹkan sí kún bámúbámú, ó ń da omi kànga sí i, ó ń fọwọ́ fọ ìkọ̀wé náà sínú àwo. Omi dúdú ló ń ṣàn. Nígbà tí ó gbé àwo náà kalẹ̀, ohun dúdú tó kúnná bí ẹ̀bu èédú bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ìdí rẹ̀.

Fáníyì rántí ìdí ìgò náà. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àlùfáà, ó kí i.

"Baba, kí lẹ̀ ń fi omi yìí ṣe?"

"Hàntú ni. Tàdáwà tí a fi kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run la fọ̀. Aláìsàn á mu ún, á fi pa ara."

"Ṣé ẹ fún Ìyá Bashiru?"

"Mo fún un. Mo kọ Yásíìn fún ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀." Ojú àgbàlagbà náà bà jẹ́. "Mo ní kó fi pa á lórí, níbi tó ti ń ro ó. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí."

Fáníyì rántí bándéèjì tó bo orí Bashiru. Kò sí ibi tí ìyá lè fi hàntú pa lórí náà. Ibì kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀, inú rọ́bà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà, ó yà sọ́nà ilé ìwòsàn.

*

Dókítà Ọláyínká gbọ́ ọ tán, ó jókòó. 

"Omi kànga Ìsàlẹ̀ Èkó," ó ní. "Nínú ọpọlọ."

"Dókítà, ṣé ẹ ò lè kọ ọ́ pé kòkòrò ló gba inú rọ́bà wọlé, kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀? Irọ́ kọ́."

"Irọ́ kọ́ lóòótọ́. Mo ti rí àwọn tó kú bẹ́ẹ̀ láìsí hàntú, láìsí ìyá, tó jẹ́ pé rọ́bà mi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo sì jẹ́ kó pẹ́ lórí ọmọ náà ju bó ṣe wù mí lọ. Ẹ rò pé mi ò ń rò ó? Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Jimoh kú. Lọ́yà rẹ̀ ti là á yé mi: ẹni tó fọ́ orí ló ni gbogbo nǹkan tí ìtọ́jú orí náà bá fà, bó jẹ́ rọ́bà, bó jẹ́ ọ̀bẹ dókítà. Ọ̀nà kan ló wà: kí ọwọ́ ẹlòmíràn tí kì í ṣe ti ìtọ́jú wa ti wọ̀ ọ́, kí olúwarẹ̀ sì sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀."

Ó di pé bí Fáníyì bá dákẹ́, wọ́n á so ọmọ kan kọ́. Bó bá sì sọ̀rọ̀, obìnrin kan á mọ̀ títí láé pé ọwọ́ òun ló ṣe é. Ó wá rí i pé ẹ̀rù iṣẹ́ tòun gan-an bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti mọ ìdí ọ̀ràn tán. Ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun gbọ́n. Lẹ́yìn náà ló mú fìlà rẹ̀.

*

Àlímọ̀t jókòó lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, òòyà àti ìdì òwú rẹ̀ wà nínú igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí oníbàárà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ gba àárín ilé tí wọ́n wó níwájú wọlé, ó bà lé e lójú.

"Ṣé ẹ ti mú Àsíátù?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí yín, Ìyá. Ẹ kú ìrọ́jú."

"Ìrọ́jú kọ́ ni mo fẹ́. Bí tèmi ṣe kú ni kí tirẹ̀ náà kú. Kí a jọ jókòó lórí ẹní kan náà." Kò pariwo rárá. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ nǹkan tó ti sọ fún Ọlọ́run.

Fáníyì lóṣòó síwájú rẹ̀. "Ìyá, hàntú tí Àlùfáà Jíbrílù fún yín, ṣé ẹ rí i lò?"

Ojú obìnrin náà là fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mo rí i lò! Wọ́n ti di orí rẹ̀ pa, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi í sí. Mo jókòó tì í, mò ń wo omi burúkú yẹn tó ń kán, tó, tó. Ọgbọ́n wá sọ sí mi. Mo ní ibi tí omi burúkú ń gbà jáde, kí omi Kùránì gba ibẹ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì lọ gba oúnjẹ. Mo tú u, mo gbé e sókè, mò ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú bísímílà. Mo tún un wé dáadáa, ó dára ju bí wọ́n ṣe so ó lọ. Ó sùn lọ́jọ́ yẹn bí ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ kejì ni oògùn Àsíátù mú un."

"Ìyá, Àsíátù ò fún un ní nǹkan kan."

"Kí lẹ ń wí?"

"Omi wo ni àlùfáà fi fọ wàláà?"

"Omi kànga ilé wa. Èmi ni mo fà á. Omi náà ni mo fi wẹ Bashiru lọ́jọ́ tí mo bí i."

Ó ti wu Fáníyì láti dìde kó máa lọ. Kò dìde. Ó sọ ọ́ fún un bí Dókítà ṣe sọ ọ́ fún òun, ní ọ̀rọ̀ kúkúrú, láìbú u, láìbo nǹkan kan: pé ara tó ṣí sílẹ̀ dé inú ọpọlọ ò lè gba omi tí ẹnu ń mu, pé kòkòrò wà nínú omi tó mọ́ lójú, pé Dókítà gan-an ní rọ́bà náà lè ti pa á láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó lè búra, ṣùgbọ́n pé tàdáwà wà nídìí ìgò. Ó sọ ohun tí òfin fẹ́ ṣe fún Jimoh, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ nìkan ló lè dá a dúró. Ó sọ ohun tí Bashiru ní kí wọ́n sọ fún àbúrò rẹ̀.

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Àlímọ̀t. Fáníyì ti múra de igbe, kò sì sí igbe. Obìnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀ sórí itan, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó ń wò wọ́n.

"Ó bi mí," ó sọ. "Ó ní, 'Ìyá mi, kí lẹ̀ ń ṣe lórí mi?' Mo ní, 'Má mira, ọmọ mi, ó ti fẹ́ parí.' Kò mira, Sájẹ́ǹtì. Ó fi orí sílẹ̀ fún mi."

 Fáníyì ti gbọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò tíì gbọ́ ẹni tó jẹ́wọ́ ìfẹ́ rí. Ó wolẹ̀, omi lójú òun náà.

Ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àsíátù ti yọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò súnmọ́ wọn. Láti ọjọ́ ìjà náà, ìyálé rẹ̀ ò tíì pe orúkọ rẹ̀ rí, àfi láti fi gégùn-ún. Àlímọ̀t fẹ́ dìde. Fáníyì na ọwọ́ sí i, ó kọ ọwọ́ náà.

"Ìyá Jimoh," ó pè.

Àsíátù di ilẹ̀kùn mú, ẹ̀rù bà á.

"Ìyá Jimoh, wá fà mí dìde. Kí o mú ìborùn rẹ. Wọ́n ní ẹnu mi ni wọ́n ń dúró dè ní àgọ́, mi ò sì fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí a tó dé ibẹ̀. Jẹ́ ká lọ mú ọmọ tó kù fún wa wálé."